Orúkọ Èkejì Lórí Fọ́ọ̀mù

Leeds,
Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kejì, 2025

Táyé mi,

Ilé ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́? Bá mi kí Ọládèjì ọkọ rẹ, sọ fún un pé mo rí fọ́tò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó fi ránṣẹ́, wọ́n ti ga jù. Àlàáfíà ni mo wà. Òtútù ibí kò tíì lọ, ṣùgbọ́n ọdún kẹrìnlá rèé, a ti di ojúlùmọ̀.

O ti kìlọ̀ fún mi pé ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ ìpinnu, kí n má fi bá ọ sọ lórí fóònù mọ́, kí n kọ ọ́ sí lẹ́tà, kí n fi í-meèlì ránṣẹ́, kí ó lè lẹ́rìí. Ó dáa. Mo ti jókòó, mo ń kọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Mojọlá lọ sí etí òkun ní Sípéènì fún ọjọ́ mẹ́rin. O mọ Mojọlá, a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ẹgbẹ́ ìsinmi kan ló gbà wá sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n bèèrè kò ju pé kí a jókòó fún wákàtí méjì, kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Wákàtí márùn-ún la lò, ṣùgbọ́n wọ́n fún wa lóúnjẹ.

Ohun tí wọ́n ń tà nìyí. Wọn kì í ta ilé náà fún èèyàn. Ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọọdún ni wọ́n ń tà, nínú ilé oníyàrá méjì tó kọjú sí omi, fún ogún ọdún. Táìmṣéà ni wọ́n ń pè é níbí. Èyí tó ṣófo bọ́ sí Oṣù Karùn-ún, ọ̀sẹ̀ ọjọ́ ìbí wa gan-an. Èèyàn méjì lè kọ orúkọ sórí fọ́ọ̀mù kan kí owó náà má baà pọ̀ jù fún ẹnìkan. Èmi àti Mojọlá la fẹ́ jọ rà á.

Táyé, bí o bá rí ibẹ̀. Mo jí láàárọ̀, mo gbé tíì mi jáde, mo jókòó. Kò sí arúgbó tó tẹ aago, kò sí ọ̀gá tó pè. Mojọlá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a kò bára wa sọ̀rọ̀ fún odindi wákàtí kan, kò sì sú wa.

Nǹkan kan pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ wa ní Leeds máa ń pe Mojọlá ní Táyé, nítorí ibi tí wọ́n bá ti rí mi ni wọ́n ń rí i. Ó ti ń jẹ́ ẹ báyìí. Mo ṣèèṣì pè é bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀gbẹ́ni tó ń ta ọjà náà, mo ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí fún un, ọkùnrin náà sì ní àwa méjèèjì jọra lóòótọ́. A rẹ́rìn-ín títí.

Wọ́n fún wa di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n Oṣù Kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, owó yóò lọ sókè. Ìwọ lo kàwé ìṣòwò nínú wa. Bá mi wò ó dáadáa: ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń rà, àbí kò tó o?

Èmi ni,
Kẹ́hìndé rẹ


Oníyanrìn, Ìbàdàn,
Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kejì, 2025

Kẹ́hìndé,

O kú òtútù. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́. Lánàá, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì bá ẹnìkan jà nítorí àga iwájú. Ọládèjì ní kí n kí ọ.

Kíá ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí wọ́n ń dúró dè mí ní Ọjà'ba. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló fẹ́ gba yunifọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó tán, ọ̀kan nínú àwọn télọ̀ mi sì ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí abúlé láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè mi rèé. Èló ni gbogbo rẹ̀? Èló lẹ óò máa san lọ́dọọdún fún àtúnṣe ilé náà, ta ni yóò sì máa dá iye yẹn? Bí ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì bá kú, tàbí tó bínú kúrò, ta ni yóò san tirẹ̀? Bí ó bá sú yín, ṣé ẹ lè tà á? Fi ìwé àdéhùn wọn ránṣẹ́, gbogbo ojú ewé rẹ̀, àgàgà ibi tí wọ́n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ.

O kò nílò Sípéènì kí o tó mọ irú ọjà yìí. Gbọ̀ngàn Bàbá Àgbà ńkọ́, nínú agbo ilé wa níbí? Ojúlé mẹ́jọ ló ni ín, olúkúlùkù ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, èmi ni mo sì ń mú ìwé ẹni tó kàn. Bí ọ̀rọ̀ bá di ìsọmọlórúkọ, gbogbo wọn ló ni gbọ̀ngàn. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣí páànù rẹ̀, gbọ̀ngàn di ti Táyé. Lọ́dún tó kọjá, mo lé Bọ̀ọ̀dá Adéyẹ́misí dé Bẹẹrẹ nítorí owó páànù. Wọ́n kọjú sí mi láàárín títì, wọ́n ní láti ọdún mẹ́fà, èèyàn kan kò kú ní ojúlé àwọn, nítorí náà àwọn kò lo gbọ̀ngàn, kí ni àwọn fẹ́ sanwó fún? Irú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tà fún ọ yìí. Òkun ni wọ́n fi kún un.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìwọ ni ẹ̀gbọ́n, pé ìwọ lo rán mi ṣáájú kí n lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Mo ti tọ́ èyí wò láti Oníyanrìn. Ó ti ń korò díẹ̀díẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, n kò sì ní dì í ní ewé. Ta ló ní kí àwọn obìnrin ìjọ yín gbé orúkọ mi fún ẹlòmíràn? N kò kú. N kò sọnù. Àdírẹ́sì mi kò yí padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa. Ìwọ gan-an fẹnu ara rẹ pè é bẹ́ẹ̀, o tún ń ṣàlàyé fún òyìnbó. Báwo sì ni ọ̀sẹ̀ ọjọ́ ìbí wa ṣe di ohun tí ìwọ àti ẹlòmíràn ń jọ rà? Ìbéèrè nìyẹn náà. Dá a lóhùn pẹ̀lú àwọn yòókù.

Táyé


Oníyanrìn,
Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kejì, 2025

Kẹ́hìndé,

Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí mo bá fi oníbàárà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án láìdá a lóhùn, ọjọ́ kẹwàá ni yóò bá mi níbi tí mo ti ń ta ìpápánu.

O ní àyè láti gbé fọ́tò sórí Wásáàpù lánàá, mo rí i. Ìwọ àti ẹni yẹn, ẹ wọ aṣọ òtútù kan náà, aláwọ̀ ewé. Láti ìgbà wo lo ti ń wọ àwọ̀ ewé? Àwa méjèèjì sunkún lórí àwọ̀ ewé ní ọmọ ọdún mẹ́jọ títí Màmá fi dá aṣọ náà padà fún télọ̀.

Màmá ti ra aṣọ Àjíǹde. Méjì ni wọ́n rà bí wọ́n ti máa ń ṣe. Tìrẹ wà nínú àpótí pẹ̀lú àwọn mẹ́tàlá tó ṣáájú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n sinmi, o ti rí ẹni tí ẹ jọ ń wọ tiyín lọ́hùn-ún. N kò tíì sọ ọ́. Fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́.

Táyé


Leeds,
Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kejì, 2025

Táyé mi,

Má bínú. Èèyàn méjì ṣàìsàn níbi iṣẹ́, àwa tó kù la ń ṣe tiwọn mọ́ tiwa. Ṣé Màmá sùn dáadáa? Bá mi dúpẹ́ aṣọ lọ́wọ́ wọn.

Ìwé àdéhùn nìyí, mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Gbogbo owó náà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá àti irinwó pọ́n-ùn, 11,400, kí o má baà ní mo fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ìdajì mi, ìdajì Mojọlá. Owó àtúnṣe jẹ́ 940 lọ́dún. Bí ẹnìkan bá kúrò, ẹni tó kù ló máa san gbogbo rẹ̀. Nípa títà, ọ̀gbẹ́ni náà ní kò sí ẹni tí yóò fẹ́ tà á.

Ní ti Mojọlá, jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ta ló wẹ̀ mí? Ìwọ ń pè mí láràárọ̀, òótọ́ ni, o ń bi mí bóyá mo ti gba ìwé ìsinmi lọ́wọ́ dókítà, bóyá mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́. Mojọlá ń fi kànrìnkàn wẹ ẹ̀yìn mi. Kò bi mí ní ìwé kankan.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kí o wá. Ní 2016 o ní ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ wọlé. Ní 2019 wọn kò fún ọ ní físà, a gbà á bẹ́ẹ̀. Ní 2023 físà jáde. Mo ra bẹ́ẹ̀dì kejì, mo tẹ́ ẹ. O ní o kò lè fi àwọn télọ̀ sílẹ̀. Físà náà kú sínú pásípọ́ọ̀tù rẹ, bẹ́ẹ̀dì náà sì wà níbí títí di òní, aṣọ tí mo ti fọ̀ ni mo ń kó lé e lórí.

Àwa kọ́ la yan ọ̀sẹ̀ ọjọ́ ìbí. Èyí tó kù ni wọ́n fún wa. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èmi ni mo yàn án ńkọ́? Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń dá jẹ kéèkì èèyàn méjì.

Kẹ́hìndé


Oníyanrìn,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kejì, 2025

Kẹ́hìndé,

Màmá sùn dáadáa. Mo ka ìwé náà tán, ojú ewé mọ́kànlélógójì. Mo mọ̀ dájú pé o kò kà á.

Pín 11,400 sí ogún ọdún, 570 ni ti ọdún kan. Fi owó àtúnṣe kún un, ó di 1,510 pọ́n-ùn fún ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, owó ọkọ̀ òfurufú kò sí níbẹ̀. Mo wá lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Mo wá ilé kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà nínú Oṣù Karùn-ún. Iye tí wọ́n pè fún mi ni 1,050. Ẹni tó ń kọjá lọ lásán yóò san owó tó kéré sí ti ọmọ ẹgbẹ́ tó tọwọ́ bọ̀wé fún ogún ọdún. Ṣé o gbọ́?

Ojú ewé kẹtàdínlógún sọ pé wọ́n lè fi kún owó àtúnṣe nígbàkígbà, ẹ kò sì ní lè bá wọn jiyàn. Mo tún rí ibì kan tí àwọn tó rà á lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ti ń ta tiwọn ní pọ́n-ùn kan. Pọ́n-ùn kan, Kẹ́hìndé, kò sì sẹ́ni tó rà á. Ìyẹn ni ọ̀gbẹ́ni yín fi sọ pé kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ tà á.

Èsì mi: kò tó ohun tí èèyàn ń rà. Má rà á.

Mo tún wo alájọṣe tí o mú. Iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ló ń ṣe, ìwọ lo sọ fún mi lọ́dún tó kọjá. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọrùn rẹ ni gbogbo rẹ̀ máa wá. Ẹni tó ń wẹ ẹ̀yìn èèyàn lè mọ̀ pé ẹ̀yìn náà ní àpò. Mo ti sọ ọ́.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún Màmá, èyí tó ṣe é kà nínú rẹ̀. Wọ́n ní, “Ta ni yóò sùn sí yàrá kejì?” Mo ní Mojọlá. Wọ́n ní, “Ọmọ ta ni?”

Ti ọdún 2023, òótọ́ ni. Ilé ẹ̀kọ́ méjì fẹ́ gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ mi fún ẹlòmíràn, mo dúró tì í. O kò sọ nípa bẹ́ẹ̀dì fún mi nígbà náà.

Táyé


Leeds,
Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta, 2025

Táyé,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé.

Mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ nítorí gbogbo ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni kò ṣe é kọ. Ìwọ fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ lẹ́rìí. Èyí náà yóò lẹ́rìí.

Owú ni. Láti lẹ́tà àkọ́kọ́ ni. O kórìíra ọjà náà kí o tó mọ iye rẹ̀. Mo ní kí o bá mi ṣe ìṣirò, o ṣe é lóòótọ́, o wá fi ìbàjẹ́ ẹni ẹlẹ́ni dé e lórí. Bí ìṣirò náà bá tilẹ̀ pé pérépéré, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó báyìí? N kò mọ èyí tó jẹ́ ọgbọ́n nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ inú burúkú.

O fẹ́ kí n wà láìsí ẹnìkan. O kò wá, o kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀.

A máa tọwọ́ bọ̀wé ní Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Má dáhùn.

Kẹ́hìndé


Oníyanrìn,
Sátidé, 15 Oṣù Kẹta, 2025

Kẹ́hìndé mi,

O ní kí n má dáhùn. Mo ń dáhùn.

Ọládèjì bá lẹ́tà rẹ tí mo tẹ̀ jáde lórí tábìlì, ó kà á, ó ní kí n fi ẹ̀dà èyí tí mo kọ ṣáájú han òun. Ó kà á tán, ó yọ díńgí ojú rẹ̀, ó bi mí bóyá obìnrin yìí jí nǹkan mi ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ni ó jí? N kò lè pè é ní orúkọ. Èmi tí mo máa ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀, tó fi dórí òwú.

Owú ni, o mọ̀ mí. Nígbà tí mo ka ibi tí o kọ pé ó wẹ ẹ̀yìn rẹ, mo dìde, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, mo sì bínú sí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé, Sọ̀fíyàt olórí télọ̀ mi ló sì jẹ nínú rẹ̀ jù. Obìnrin náà kò ṣẹ̀ mí. Ohun tó yẹ kí n ṣe ló bá mi ṣe. Ìyẹn gan-an ni n kò lè dárí rẹ̀ jì í. Ohun tí mo sọ nípa àpò, mo kó o jẹ. Má rò pé mo ti wá fẹ́ràn rẹ̀ o.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́. Yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí fọ́ọ̀mù náà, fi tèmi síbẹ̀. Mo ní owó náà. Mo ti fi í pamọ́ fún ẹ̀rọ tó ń gún bọ́tìnnì, ẹ̀rọ náà lè dúró. Mo mọ̀ pé ọjà náà kò dára, èmi ni mo sọ fún ọ. Mo ṣì fẹ́ ẹ. Bí ó bá jẹ́ dandan kí èèyàn méjì jọ wọ gbèsè òmùgọ̀ fún ogún ọdún, kí ó jẹ́ èmi àti ìwọ.

Má bi mí léèrè irú ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí mo kà. Dáhùn kí ọjọ́ náà tó pé.

Táyé


Leeds,
Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹta, 2025

Táyé mi,

Ṣé ara Màmá le? Mo pè wọ́n lánàá, ohùn wọn yá gágá. Wọn kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ìjà àga ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń rò fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

N kò fún ọ lésì kíá nítorí n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ yọ orúkọ ẹni tó wẹ̀ mí. Mo ń gbé e káàkiri títí di Sọ́ńdè tó kọjá. Mojọlá fúnra rẹ̀ ló wá sílé mi. Ó ní òun mọ̀ pé mo ní kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò mi bá wa ṣe ìṣirò, òun kò mọ èyí tó jẹ́, pé ó ti pẹ́, kí ló dé tí n kò fi èsì han òun. Mo tẹ lẹ́tà rẹ jáde, mo fi sísọ́ọ̀sì gé ibi tí o ti bú u, mo fún un ní ti òkè. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ sórí fóònù, òun náà rí 1,050 yẹn. Ó ní, “Kẹ́hìndé, n kò ṣe mọ́.”

Ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ó ní òun ní àbúrò mẹ́ta, kò sí èyí tó lè jókòó ka ojú ewé mọ́kànlélógójì nítorí òun. Ó tún sọ nǹkan kan tí n kò rò pé mo máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń pe òun ní Táyé, bí mo bá ti dárúkọ rẹ, ara òun máa ń gbọ̀n bí ẹni tí onílé kan ìlẹ̀kùn fún. Ó ní kí n sọ fún àwọn obìnrin ìjọ kí wọ́n máa pe òun ní Mojọlá.

Nítorí náà, àyè ti ṣófo. Ọ̀gbẹ́ni náà ń pè mí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó ní ọjọ́ Ajé ni òpin rẹ̀. Orúkọ mi wà lórí fọ́ọ̀mù, ìlà kejì kò ní nǹkan kan lórí. Bí o bá ní kí n kọ tìrẹ, n óò kọ ọ́, n kò sì ní bèèrè ìṣirò kankan mọ́. Mo fẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn, Táyé. Ọkàn mi ń fà sí i. Sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Kẹ́hìndé rẹ


Oníyanrìn,
Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹta, 2025

Kẹ́hìndé mi,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ara Màmá le. Àga náà ti di tiwọn.

N kò ní purọ́, inú mi dùn pé ó yọ ara rẹ̀. Lánàá tí lẹ́tà rẹ dé, mo gun Mápó lọ, mo sì sọ̀kalẹ̀ láìsí ohun tí mo lọ rà níbẹ̀. Mo ti mú ìwé báńkì mi jáde kí n lè fi owó ránṣẹ́.

Mo wá gbé ìwé ìṣirò náà sílẹ̀. Mo ní kí n tún un wò, bóyá owú ló bà á jẹ́, bóyá mo fi nǹkan kún ibì kan kí n lè rí Mojọlá lé jáde. Mo ṣe é láti òkè dé ìsàlẹ̀. N kò fi nǹkan kan kún un. 1,510 ni, 1,050 ni. Àyè náà ti di tèmi, kọ́bọ̀ kan kò sì yọ nínú rẹ̀. Inú burúkú ni mo fi ṣe é, Kẹ́hìndé, ó sì tọ̀nà. Ó dùn mí ju bí ì bá ṣe dùn mí ká ní mo ṣìṣe.

Èsì mi ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Má kọ orúkọ mi, má sì fi tìrẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Pe ọ̀gbẹ́ni náà lónìí, sọ fún un pé o kò ṣe mọ́, kí o gé fóònù. Má ṣàlàyé. Bí o bá ṣàlàyé, ibẹ̀ ni yóò ti rí ibi tí yóò dì mú.

O ní o fẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo gbọ́. Ohun tí mo ṣe rèé, mo sì ti ṣe é kí n tó kọ lẹ́tà yìí, nítorí bí mo bá ní kí a jọ rò ó, Kérésìmesì ni yóò bá wa lẹ́nu rẹ̀. Ilé àlejò kan wà létí òkun ní Grand-Popo, lẹ́yìn Kútọnù. Mo ti gba yàrá níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, láti Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ ìbí wa. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tó láti wọ ibẹ̀, kò sí ẹni tó lè fi físà dù mí. Wọ ọkọ̀ òfurufú wá sí Èkó, n óò wà ní pápákọ̀ òfurufú kí o tó balẹ̀, mo ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá tán, a kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, a óò sì kúrò. Mo ti sọ fún Sọ̀fíyàt pé òun ni n óò fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún. Ó bi mí bóyá ara mi kò yá. Mo ní mo ń lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní fún odindi ọ̀sẹ̀ kan? Mo ní fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kí ó má sì pè mí.

Mú kànrìnkàn wá. Ó kù sí ọ lọ́wọ́ bí o bá máa jẹ́ kí n wẹ ẹ̀yìn rẹ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí ojú iṣẹ́ abẹ náà. N kò rí i rí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà fún ọ, kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu onílé. Nígbà tí mo pè é, ó ní yàrá oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́ta wà, ó fẹ̀ ju oníbẹ́ẹ̀dì méjì lọ, ó kọjú sí omi tààrà, iye kan náà sì ni wọ́n. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo gbọ́ ohun tí òun wí. Mo ní mo gbọ́. Oníbẹ́ẹ̀dì méjì ni mo gbà.

Táyé